Fítámì A Nínú Ẹ̀gẹ́: Ìmọ̀ Àjogúnbá Tí Ó Sọ Ẹ̀gẹ́ Funfun Di Aláwọ̀ Ìyeyè

Ẹ̀gẹ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ró ní ìlú Ara, ní Ẹdẹ àti ní àwọn ìlú àti abúlé tí ó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí dé apá Ìwó, nítorí pé inú rẹ̀ ni gàrí, fùfú àti láfún ti ń jáde, ó sì máa ń ta dáadáa lórí ilẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ ti dínkù tí àgbàdo kò sì lè ṣe nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Sítáàṣì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé agbára tí ènìyàn yóò fi ṣiṣẹ́ ni ó ń fún ara. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà aṣaralóore tí ara ń fẹ́ ní ìwọ̀nba kékeré, tí kò sì lè ṣe aláìní wọn, bí èròjà irin, síńkì àti fítámì A, ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀gẹ́ funfun débi pé ọmọ tí ó bá ń jẹ èbà lọ́sàn-án tí ó sì tún ń mu gàrí lálẹ́, tí ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ẹran, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ tó bó ṣe yẹ, lè yó bámúbámú kí ara rẹ̀ sì máa jìyà ebi mìíràn tí kì í kùn níkùn. Ebi yìí ni àwọn onímọ̀ ìran ọ̀gbìn ní Ìbàdàn àti ní Umudike gbà láti bá jà láti inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ṣe yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ń jẹ gàrí.

Fítámì A ni ara fi ń ṣe ohun tí ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn, òun náà ni ó ń mú awọ ojú, ọ̀nà ọ̀fun àti ìfun le kí kòkòrò àrùn má baà rí ibi wọlé. Ọmọdé tí kò bá rí i gbà tó yóò kọ́kọ́ máa kọsẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, bí ó bá sì pẹ́, ojú rẹ̀ lè fọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà tí ọmọ mìíràn yóò ṣe kọjá láàárín ọjọ́ mélòó kan ti lè dá òun gúnlẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2001 àti 2003 lórí oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń jẹ fi hàn pé bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́wàá tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 5 ni fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ìjọba kò káwọ́ gbera: wọ́n ń fún àwọn ọmọdé láti oṣù 6 títí dé oṣù 59 ní oògùn fítámì A lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti 2002 sì ni òfin ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa po fítámì náà mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣúgà àti òróró. Àbùkù ètò kejì yìí ni pé ohun tí ó bá gba inú ilé iṣẹ́ ńlá kọjá nìkan ni òfin lè bá. Gàrí tí àwọn obìnrin ń yan ní ẹ̀yìnkùlé ní Ara kò gba irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò dúró ti agbada láti bu fítámì sí i.

Láti inú ìrònú yìí ni àwọn onímọ̀ ti wá béèrè bóyá irúgbìn náà fúnra rẹ̀ lè máa pèsè èròjà tí ó ń ṣọ̀wọ́n, kí àgbẹ̀ gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa mú igi rẹ̀ gbìn láti ọdún dé ọdún láìtún ra nǹkan kan kún un. Howarth Bouis, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún pariwo èrò yìí kí àwọn olówó tó gbọ́ tirẹ̀, òun ni ó sì dá ètò tí wọ́n ń pè ní HarvestPlus sílẹ̀. Ní 2016, òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dùnkún aláwọ̀ ọsàn jọ gba ẹ̀bùn World Food Prize.

Ìrẹsì ni ó kọ́kọ́ mú kí gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewé ìrẹsì ní beta-carotene, èyí tí í ṣe èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí ara ènìyàn ń sọ di fítámì A, ṣùgbọ́n inú hóró rẹ̀ tí a ń sè jẹ kò ní in rárá, kò sì sí irú ìrẹsì kankan tí wọ́n rí ní ayé tí inú hóró rẹ̀ ní in tí wọn ì bá fi ṣe ìyá tàbí bàbá fún ìran tuntun. Nítorí náà, nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Ingo Potrykus àti Peter Beyer, gbé ìrẹsì tí a mọ̀ sí Golden Rice jáde ní 2000, àjogúnbá láti ara òdòdó kan àti láti ara bakitéríà ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé e kò tíì tán. Orílẹ̀-èdè Philippines gbà kí àwọn àgbẹ̀ máa gbìn ín ní 2021, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ sì dá a dúró ní 2024. Ti síńkì yàtọ̀, nítorí pé oríṣiríṣi ìrẹsì ni ó ní i lára ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba, èyí sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti fi ìdàpọ̀ akọ àti abo lásán mú un pọ̀ sí i. Bangladesh ni ó kọ́kọ́ fi irú ìrẹsì onísíńkì bẹ́ẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 2013.

Ẹ̀gẹ́ dà bí ti síńkì yìí, kò dà bí ti Golden Rice, ibẹ̀ ni oríire àwọn onímọ̀ sì wà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, àwọn ará Potogí ni ó gbé e kọjá òkun wá sí Áfíríkà, àwọn tí ó sì ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn ènìyàn wa ní bí a ṣe ń fi ṣe gàrí. Èyí tí ó bá wọn dé jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú oríṣi tí ó wà lọ́hùn-ún, funfun sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn oríṣi tí inú wọn pọ́n rúsúrúsú, tí àwọn ará ẹ̀bá odò Amazon ti ń gbìn láti ayébáyé, ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ ni láti wá àwọn wọ̀nyí rí, kí a sì mú wọn wá bá àwọn ìbátan wọn tí ó ti mọ́ra sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé ìwádìí CIAT ní Cali, ní orílẹ̀-èdè Colombia, ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ, láti ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ nínú ìgò sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967.

Kí ni ó wá ń sọ iṣu ẹ̀gẹ́ kan di funfun tí ó sì ń sọ òmíràn di ìyeyè? Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí ara ohun ẹlẹ́mìí fi di odidi, kúrómósómù 36 ni ó wà, 18 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 18 láti ọ̀dọ̀ bàbá. Kúrómósómù jẹ́ okùn gígùn tí a fi DNA ṣe, lórí okùn náà ni àwọn jíìnì tò sí lẹ́sẹẹsẹ, jíìnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àṣẹ tí a fi oríṣi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní A, C, G àti T. Àṣẹ tí jíìnì kan bá pa ni sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé láti ṣe èròjà kan. Jíìnì tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ẹ̀gẹ́ rọ̀ mọ́ jù lọ ni PSY2, èròjà tí ó sì ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ni ẹ́ńsáìmù kan tí ó ń so ohun kéékèèké méjì pọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí yóò yọrí sí beta-carotene. Ẹ́ńsáìmù yìí ni ẹnu ọ̀nà: bí ó bá ń lọ́ra, ohun gbogbo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò lọ́ra, iṣu náà yóò sì funfun.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti láti CIAT kọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi PSY2 ti ẹ̀gẹ́ funfun wé ti ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó fi ìyàtọ̀ náà hàn. Níbi tí C wà nínú ti funfun, A ni ó wà nínú ti ìyeyè, ìyípadà náà sì mú kí èròjà kan rọ́pò òmíràn ní ipò 191 lára ẹ́ńsáìmù náà, tí ẹ́ńsáìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Peter Beyer tí ó ṣe Golden Rice wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí yìí, ó sì yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí rẹ̀: ohun tí wọ́n ní láti wá kiri nínú òdòdó àti bakitéríà fún ìrẹsì, ó ti wà lára ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kan fi síbẹ̀. PSY2 kò dá iṣẹ́ náà ṣe o. Àwọn jíìnì mìíràn tí agbára wọn kéré ń ràn án lọ́wọ́ tàbí ń fà á sẹ́yìn, ìdí sì nìyí tí ìyeyè kan fi ń jìn ju òmíràn lọ.

Láti mú jíìnì yìí wọ inú ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ yóò fẹ́ràn, ìgbéyàwó ni àwọn onímọ̀ ń ṣe fún òdòdó. Lórí igi ẹ̀gẹ́ kan náà ni òdòdó akọ àti òdòdó abo máa ń wà, abo sì máa ń là ṣáájú. Òṣìṣẹ́ yóò da àpò aṣọ bò ó kí kòkòrò má baà gbé àtíkè òdòdó tí a kò fẹ́ wá sórí rẹ̀, yóò já òdòdó akọ láti orí igi tí a yàn ní bàbá, yóò sì fi ọwọ́ ra á mọ́ ọn. Èso kékeré tí yóò so ní ilé mẹ́ta nínú, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní hóró kan. Bí ó bá gbẹ, yóò là pà, yóò sì fọ́n hóró rẹ̀ ká, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àpò bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àgbẹ̀ kì í gbin hóró yìí, igi ni ó ń gbìn. Igi tí a bá sì gé lára ẹ̀gẹ́ kan yóò jọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Hóró kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé àjogúnbá tí ẹ̀gẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an, kò sí hóró méjì tí ó dọ́gba, kódà bí wọ́n bá jọ wà nínú èso kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró ni wọ́n ń gbìn kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tí ó yẹ, ẹyọ kan náà ni wọ́n sì ń fi igi bí sí i títí yóò fi kún oko.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìgbéyàwó yìí ní Ìbàdàn ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kan Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àrùn kan wà tí eṣinṣin funfun kékeré ń gbé kiri, tí ó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ jọ, tí ó sì máa ń sọ ọ́ di alámì ìyeyè lórí àwọ̀ ewé. Láàárín 1930 sí 1940 ni onímọ̀ kan, H. H. Storey, ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ inú igbó, Manihot glaziovii, ní Amani ní orílẹ̀-èdè Tanzania kí ó lè rí èyí tí yóò kojú àrùn náà, ọ̀kan lára àrọ́mọdọ́mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì dé oko ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn tí wọ́n pa á mọ́ síbẹ̀. Nígbà tí Sang Ki Hahn, onímọ̀ ìran ọ̀gbìn ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé IITA ní 1971, ẹ̀gẹ́ yìí ni ó gbé dání, inú rẹ̀ sì ni TMS 30572 àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti jáde, àwọn tí wọ́n tàn ká oko Nàìjíríà nítorí pé àrùn kò rí wọn gbé ṣe. Àwọn ará Ìkirè mọ rírì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Bí kò bá sí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè láti òkè òkun ì bá kàn dé, kí àrùn sì pa á ní ọdún kìíní.

Wàhálà tí ó wá le jù, tí ó sì ń bá iṣẹ́ náà fínra títí di òní, kì í ṣe ti àrùn. Ti omi ni. Àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin tí ń yan gàrí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kan máa ń kún, òmíràn sì máa ń lómi: bí wọ́n bá rin èyí tí ó kún, tí wọ́n sì fi jáàkì fún un, ìyẹ̀fun tí yóò ṣẹ́ kù nínú àpò yóò pọ̀, gàrí rẹ̀ yóò wú nínú omi, èbà rẹ̀ yóò sì fà, èyí tí ó lómi yóò sàn dànù lábẹ́ jáàkì. Nínú kílò 100 ẹ̀gẹ́, bí ohun gbígbẹ inú ọ̀kan bá jẹ́ kílò 35 tí ti èkejì sì jẹ́ kílò 25, igi ìdáná kan náà, owó ẹ̀rọ kan náà àti òógùn kan náà ni obìnrin náà yóò ná lé méjèèjì lórí, ṣùgbọ́n kílò 10 ti lọ nínú èrè rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì rí nínú ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni pé bí ìyeyè bá ṣe ń jìn sí i ni ohun gbígbẹ máa ń dínkù.

Ismail Rabbi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA tọ ọ̀rọ̀ yìí dé orí kúrómósómù kìíní, níbi tí PSY2 wà. Àgbègbè kan náà lórí kúrómósómù yìí ni ó ń mú ìyeyè pọ̀ tí ó sì ń mú ohun gbígbẹ dínkù. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà túmọ̀ èyí. Ó lè jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, tí ohun tí ẹ̀gẹ́ ì bá fi ṣe sítáàṣì wá ń yà sí ọ̀nà mìíràn; ó sì lè jẹ́ pé jíìnì méjì ni wọ́n, tí wọ́n kàn sún mọ́ra bí èrò méjì tí ó jókòó ti ara wọn nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn dé ibi gbogbo. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ìṣòro náà yóò ṣòro láti tú. Bí ó bá sì jẹ́ ti èkejì, ìrètí wà, nítorí pé nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ń pèsè òdòdó, kúrómósómù ti ìyá àti ti bàbá máa ń gé apá kan fún ara wọn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì ni ibi tí wọ́n gé yóò bọ́ sí àárín jíìnì méjì tí ó fara mọ́ra, tí ọ̀nà wọn yóò sì yà. Ohun tí ó ń fún ìrètí yìí lágbára ni pé nínú ẹ̀gẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ìyeyè àti ohun gbígbẹ kò dè mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ìdè tí kò sí níbẹ̀ kò lè jẹ́ dandan níbí.

Ìmọ̀ nípa lẹ́tà kan ṣoṣo inú PSY2 ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí padà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ dàgbà títí yóò fi ta, kí wọ́n tó hú u, kí wọ́n gé e sí méjì, kí wọ́n sì fi àwọ̀ inú rẹ̀ wé àwọn àwọ̀ orí pátákó kan. Ní báyìí, wọ́n lè já ewé kékeré kan lára èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, kí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, kí wọ́n sì mọ èyí tí yóò pọ́n kí ó tó ní iṣu rárá. Oko tí wọn ì bá fi àwọn tí kò wúlò kún wá ṣí sílẹ̀ fún wíwá ohun gbígbẹ.

Ní oṣù Kejìlá 2011 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àwọn ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí, èyí tí IITA àti ilé ìwádìí NRCRI ní Umudike jọ ṣe: 01/1368, 01/1412 àti 01/1371. Ọdún 2001 ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára orúkọ wọn ń tọ́ka sí, ìyẹn ni pé ọdún mẹ́wàá ni ó wà láàárín hóró àti àṣẹ. Mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé wọn ní 2014, lára wọn ni 07/0593, ìyeyè tiwọn sì jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ṣe àfojúsùn ni máíkírógíráàmù 15 beta-carotene nínú gíráàmù ẹ̀gẹ́ tútù kan. Ti ẹ̀gẹ́ funfun kì í sábà pé ẹyọ kan.

Ṣé ó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ? Telemu, ní apá Ìwó níhìn-ín ní Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti béèrè ìbéèrè yìí ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ láti Yunifásítì Wageningen ní Netherlands àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà kó ọmọ 176 jọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 3 sí 5, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú: ẹ̀yà kan ń jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ìyeyè ṣe, ẹ̀yà kejì ń jẹ ti funfun, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ 93. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, ó hàn pé fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó jẹ ẹ̀gẹ́ ìyeyè lọ sókè ju ti àwọn yòókù. Ìlọsókè náà kò pọ̀, irú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti rí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé ní Kenya ṣáájú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù èyí, nítorí pé oúnjẹ lásán ni, ti ọjọ́ 93, kì í ṣe oògùn, ọmọ tí ó bá sì ń jẹ ẹ́ kì yóò dúró ní ọjọ́ 93.

Ibi tí èrè náà ti ń jò ni ọwọ́ àwọn tí ń ṣe gàrí ti lè ràn án lọ́wọ́. Atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ooru máa ń ba beta-carotene jẹ́, nítorí náà ẹ̀gẹ́ tí a sè jẹ ń pa á mọ́ ju gàrí lọ, gàrí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yan sì ń ní in ju èyí tí ó ti pẹ́ nínú àpò fún oṣù mélòó kan. Ìyeyè ojú kò tún tó láti fi ṣe ẹ̀rí: gàrí tí wọ́n fi epo pupa yan pọ́n bákan náà. Kì í ṣe ẹ̀tàn, torí epo pupa náà ní beta-carotene lọ́pọ̀lọpọ̀ bí wọn kò bá gbé e kaná títí tí pupa rẹ̀ fi parẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ san owó ẹ̀gẹ́ ìyeyè gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó ń rà.

Èròjà irin àti síńkì ṣì wà lẹ́yìn. Láàárín àwọn oríṣi ẹ̀gẹ́ tí ó wà, ìyàtọ̀ ìwọ̀n irin kò pọ̀ tó ohun tí ìgbéyàwó òdòdó lè fi ṣiṣẹ́, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Danforth ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, ṣe gbin jíìnì láti ara ewéko mìíràn sínú ẹ̀gẹ́. Ní 2019 wọ́n kéde pé irin inú rẹ̀ di ìlọ́po 7 sí 18. Irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gba iwájú àwọn aláṣẹ lórí ààbò ohun ọ̀gbìn kí ó tó dé oko, gẹ́gẹ́ bí Golden Rice ti ṣe.

Èyí tí kò nílò irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti fítámì A, ohun tí ó ń dá a dúró ni igi. Igi ẹ̀gẹ́ kan tí ó pé ọdún kò lè fún àgbẹ̀ ju bí ègé mẹ́wàá lọ láti tún gbìn, bẹ́ẹ̀ ni hẹ́kítà kan ń gba 10,000 ègé, nígbà tí ṣírí ìrẹsì kan lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún hóró jáde láàárín oṣù mẹ́rin. Nítorí èyí ni IITA ṣe ń hu ọ̀gbìn kéékèèké nínú yàrá, tí wọ́n ń gé wọn léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí oko. Àgbẹ̀ tí ó bá sì ń ra igi ní Ara tàbí ní Ẹdẹ kò lè fi ojú mọ ẹ̀gẹ́ ìyeyè lára ewé tàbí lára èèpo igi rẹ̀. Àyàfi kí ó bi ẹni tí ń tà á ní orúkọ rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí tí àjọ NASC tí ó ń mójú tó irúgbìn ní Nàìjíríà fún un, tàbí kí wọ́n jọ hú ìdí kan nínú oko tí wọ́n ti gé igi náà, kí wọ́n sì gé iṣu rẹ̀ sí méjì kí owó tó jáde.